Bí Àwẹ̀ró Ṣe Lọ Ṣẹ̀dá Eré Bàbá Rẹ̀ Nígbó Eléré

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tí òjò ká mọ́ abẹ́ àtíbàbà mi. Òjò yìí ò ní í dá bọ̀rọ̀, èmi náà ò sì ní í dákẹ́ bọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ẹmu kó bu ẹmu, ẹni tí ò ní kó bu omi, ẹni tí oorun ń kùn kó lọ sùn sílé ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lẹ́yìn mi, ẹ má fọwọ́ kan àpò ọdẹ mi o, ohun tó wà níbẹ̀ ń bunijẹ. Èmi Ògúnrántí, tí ẹfọ̀n rí tó sáré títí tó fi gbàgbé òjìji rẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ti akin tèmi kọ́ lọ̀rọ̀ òní. Ẹ má fajú ro, ẹ ti gbọ́ tèmi tó. Ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró amọ̀kòkò ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́rìndé ọ̀rẹ́ mi bí sáyé.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ìlú mìíràn, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ní Òkè-Apó tiwa níbí, bí ọdẹ bá kú, ìbọn nìkan kọ́ la fi ń sìn ín. Kí a tó ṣe ìsípà rẹ̀, tí í ṣe ètò tí àwa ọdẹ fi ń dágbére fún ẹni wa tó lọ, ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ̀dá eré kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, eré tí yóò máa jẹ́ orúkọ òkú náà. Bí àwọn ọmọ ìlú bá ṣe eré náà tán, tí wọ́n ní àwọn tún fẹ́ ṣe é, orúkọ bàbá ti di ti ìlú nìyẹn, ọdọọdún la ó máa pè é. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí eré, tàbí tí wọ́n ṣe é tán tí wọ́n gbọn ìdí dànù tí wọ́n bá tiwọn lọ, a ó fo orúkọ náà. Ẹ̀yin ẹ rò pé ọ̀ràn ẹ̀rín ni kí wọ́n fo orúkọ ènìyàn? Ẹ wo Ògúnbíyìí. Ọ̀bẹ lásán ni ọkùnrin yẹn fi pa ẹkùn. Akínbòdé ọmọ rẹ̀ jáde nílé, ó ní òun ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá eré, kò sì padà wá. Lónìí, bí mo bá dárúkọ Ògúnbíyìí, àwọn ọmọdé á ní, "Ta nìyẹn?" Ó máa ń dùn mí dé egungun.

Nítorí náà, nígbà tí Ọdẹ́rìndé kú, Olúọdẹ pe Àwẹ̀ró. Ó ní, "Àwẹ̀ró, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ o. Bí àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí a kò rí eré, a ò lè dúró dè ọ́."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Baba. Eré tí mo máa ṣe fún bàbá mi, irú rẹ̀ ò wáyé rí. Gbogbo igbó tó dé ni yóò wà níbẹ̀. Gbogbo ẹran tó pa. Erin, ẹfọ̀n, ẹkùn, ọ̀nì, ogun tó bá wọn jà, odò tó là kọjá, gbogbo rẹ̀."

Ẹ rí i, ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Àṣìṣe àwa ará Òkè-Apó náà sì ni. Bí òkú bá ṣe dùn wá tó la fẹ́ kí eré rẹ̀ tóbi tó. Àwẹ̀ró délé, ó po amọ̀, ó mọ erin, ó mọ ẹfọ̀n, ó tò wọ́n sílẹ̀, ó ń wò wọ́n, wọ́n sì ń wò ó. Kò sí eré kankan níbẹ̀. Ó mọ ìkòkò mímọ dájú, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú u, ó wá bá mi.

Mo ní, "Ọmọ mi, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni Igbó Eléré. Ibẹ̀ ni ohun èlò wà, ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ wà. Èmi gan-an ti dé ẹnu ibodè rẹ̀ rí." Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò wọlé. Fìlà mi ló já bọ́ lójijì, mo sì ní láti gbé e padà wálé. Ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn?

N kò ní í fi ọ̀nà dá yín lágara. Ó rìn títí ilẹ̀ fi rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí òwú. Àwọn igi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ẹyẹ ń fò kọjá láìmi apá. Ojú ọ̀run kò pupa, kò dúdú, àwọ̀ inú ẹyin ló ní. Kò pẹ́ ó dé ibodè.

Oníbodè ibẹ̀ ga ju ọ̀pẹ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ ni ojú rẹ̀ wà, bó bá fẹ́ wo ènìyàn, á na ọwọ́ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Ó na ọwọ́ sí Àwẹ̀ró, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Eré wo ni o fẹ́ ṣe? Èémí kan ṣoṣo ni kí o fi sọ ọ́ fún mi."

Àwẹ̀ró fa èémí sínú, ó bẹ̀rẹ̀: erin wà níbẹ̀, ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ọdẹ á gba igbó àkọ́kọ́ jáde sí ìkejì, òjò á máa rọ̀, ọba ìlú kan á rán an níṣẹ́, ó máa gun òkè, ó máa bá iwin jìjàkadì... Èémí tán. Ó fa òmíràn. Ó sọ ọ́ títí koríko fi hù lórí ẹsẹ̀ oníbodè, kò ì tíì dé ìdajì.

Oníbodè ní, "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. N kò ní í dá ọ dúró, ẹni tí kò bá ṣe é rí ló ń wá síbí. Ṣùgbọ́n òfin wa ni pé olúkúlùkù ló ń ru eré rẹ̀. Gbé e."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ohun kan bà lé Àwẹ̀ró lórí. Kò rí i, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ wọ inú èjìká. Ó gbúròó ẹsẹ̀ erin lókè orí rẹ̀, omi odò kan ń kán sí i ní ìpàkọ́, ó tutù. Bó ṣe tóbi lẹ́nu rẹ̀ náà ló ṣe wúwo lórí rẹ̀. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó wọ inú igbó lọ.

Ìlú tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń pè ní Ìlú Máamúlọ. Háà! Bí mo bá ní ahọ́n méjì n kò lè ròyìn ìlú yìí tán. Olúkúlùkù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ẹnìkan to ère kéékèèké tó ń rìn kiri fúnra wọn. Ẹnìkan kó àwọ̀ sínú ìkarahun ìgbín, àwọ̀ òwúrọ̀ lọ́tọ̀, àwọ̀ ẹ̀rùn lọ́tọ̀. Agbóhùn, ọkùnrin tí etí rẹ̀ ń jù bí ewé kókò, kó ohùn sínú kèrègbè. Bí o bá ṣí ọ̀kan, wàá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, bí o bá ṣí òmíràn, ìlẹ̀kùn ni yóò dún.

Àwẹ̀ró mú ère erin kan, ó yí i wò, ó bi wọ́n pé èló ni. Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan, Ìyá Ẹlẹ́ní, tí irun orí rẹ̀ jẹ́ koríko òòrẹ̀ tó ń hun ara rẹ̀ lẹ́ní bó ti ń rìn, fà á mọ́ra.

Ó ní, "Ọmọ mi, a kì í gbowó níbí. Orúkọ là ń gbà. Mú ohun tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n níbi tí o bá ti lò ó, kí o pe orúkọ ẹni tó ṣe é. Bí wọ́n bá ń pè wá, a wà láyé. Bí o bá lò ó tí o pa orúkọ wa mọ́, ohun wa á padà wálé ni o."

Àwẹ̀ró ní, "Ìyá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ṣé ohun ọlọ́hun ni kí n fi ṣe eré bàbá mi? Mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ìkòkò lo ń mọ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ìwọ lo dá amọ̀ ni?"

Ìyá Ẹlẹ́ní tẹ́ ẹní kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹní yìí kì í ṣe ẹní tí ẹ ń sùn lé. Bí wọ́n ti tẹ́ ẹ, ilẹ̀ kékeré kan là lórí rẹ̀, oòrùn kékeré yọ. Ìyá náà ju kóró iṣin kan sí i, kóró náà yí, ó kọlu ògiri, ó dúró. Ó gbé ère kan lé e, ó fi ìka tẹ etí ẹní, ère rìn lọ síbi tí ìka darí rẹ̀ sí.

Ó ní, "Ẹní yìí ti mọ bí nǹkan ṣe ń jábọ́. Ó mọ̀ pé ènìyàn kì í gba inú ògiri kọjá, ó mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Àwọn aṣẹ̀dá eré ti kọ́ ọ ní gbogbo ìyẹn kí wọ́n tó bí ọ. Má tún un ṣe. Ohun tí kò mọ̀ ni tìrẹ, ìyẹn nìkan ni wàá kọ́ ọ."

Àwẹ̀ró ká ẹní náà. Ó gba ère lọ́wọ́ Fínníyì agbẹ́gilére, ó gba kèrègbè lọ́wọ́ Agbóhùn. Bó ti ń kó wọn ni ẹrù orí rẹ̀ ń wúwo sí i, nítorí gbogbo ohun tó bá rí ló ń rò pé eré òun nílò rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ní sìn ín dé ẹ̀yìn odi, ó ní, "Àwọn olùkọ́ wà ní ìlú tó kàn. Olùkọ́ gidi ni wọ́n, kò sí ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ. Wo ọ̀kan, ṣe ọ̀kan. Má jókòó."

Ẹ gbọ́ o: má jókòó.

Ìlú tó kàn ń jẹ́ Tún-un-ṣe. Olùkọ́ kún ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, olúkúlùkù tẹ́ ẹní rẹ̀, ó ń fi iṣẹ́ hàn. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé ọ, ṣá ti sọ pé, "Tún un ṣe," olùkọ́ á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, á rẹ́rìn-ín níbi tó ti rẹ́rìn-ín, á gbá ẹ̀fọn kan náà pa lọ́rùn. Kì í bínú, kì í rẹ̀ ẹ́. Ibo lẹ ti rí irú rẹ̀? Olùkọ́ tí èmi ní nígbà tí mò ń kọ́ ìbọn yíyìn, bí mo bá ní kó tún un sọ, etí mi ló máa ń tún ṣe.

Àwẹ̀ró dúró, ó wò. Ó yé e, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó wo òmíràn. Àpótí kan wà níbẹ̀, ó rọ̀, ó jókòó. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú kí erin rìn. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú kí òjò rọ̀ lórí ẹní. Ẹ̀kọ́ kan ń pè é sí èkejì, ohùn àwọn olùkọ́ ń ṣàn lọ bí omi, oòrùn ojú ọ̀run aláwọ̀ ẹyin yẹn kò wọ̀, kò sì yọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ń ṣe é bíi pé ó ti ṣe eré náà tán, kó ṣáà ti délé ni. Ẹní rẹ̀ wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àlàǹtakùn ti ta òwú sí i lẹ́nu.

Ọkùnrin kan jókòó tì í, irùngbọ̀n rẹ̀ ti balẹ̀. Àwẹ̀ró rí ilà ojú rẹ̀, ilà Òkè-Apó ni. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin kọ́ ni Akínbòdé?"

Ó ní, "Èmi ni. Mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá eré, fún ìsípà bàbá mi. Mo ti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ku ẹ̀kọ́ kan péré."

"Ṣé ẹ ti ṣe ọ̀kan wò?"

"Bí mo bá gbọ́ èyí tó kù yìí, n ó bẹ̀rẹ̀."

Àwẹ̀ró ní, "Orúkọ bàbá yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti rí ibi tí ẹ máa fi í sí nínú eré náà?"

Akínbòdé la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún un là. Ẹ̀yin ènìyàn mi, orúkọ náà kò jáde. Ó wo Àwẹ̀ró bí ẹni tó sọ nǹkan nù sínú òkùnkùn, omi lé ròrò sí i lójú, ó ní, "Ó... ó pa ẹkùn. Ọ̀bẹ ló fi pa á." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí olùkọ́, ó ní, "Tún un ṣe."

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró. Ó ní kí òun pe orúkọ bàbá tòun. Ó pẹ́ kó tó dé ẹnu rẹ̀: Ọdẹ́... Ọdẹ́rìn... Ọdẹ́rìndé! Ó bojú wolẹ̀, ó rí i pé gbòǹgbò ti yọ látinú àpótí, ó ti lọ́ mọ́ ọn dé orúnkún. Lókèèrè, ààrá àkọ́kọ́ sán. Ọdún ti yí nílé. Ó di àpótí mú, ó fà á, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ó pariwo, ó já. Ó di Akínbòdé lọ́wọ́ mú láti fà á dìde, ṣùgbọ́n Akínbòdé ti di igi dé àyà, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí olùkọ́. Àwẹ̀ró sunkún kúrò níbẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, etí náà sì dùn-ún gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló ń rò ó.

Odò Àbọ̀ ni yóò kọjá kó tó lè dé ilé. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dábùú rẹ̀. Bó ti gbé ẹsẹ̀ lé e báyìí, pákó kígbe, ó tẹ̀, omi dé e ní ọrùn ẹsẹ̀. Ẹrù orí rẹ̀ kò lè kọjá.

Ó padà sétí odò, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Erin, ó dìgbà." Ohun ńlá kan fò kúrò lórí rẹ̀, erin gidi dìde nínú ìkùukùu, ó wọ igbó lọ. Ó tún gbé ẹsẹ̀ sórí pákó, pákó tún kígbe. Ó ju ẹfọ̀n dànù. Ó ju ọ̀nì, ó ju ọba tó ń ránni níṣẹ́. Àwọn igbó ńláńlá yẹn, bó ti ń ju ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń sunkún, ó ń sọ pé, "Bàbá, ẹ má bínú. Bàbá, ẹ foríjì mí." Lójú rẹ̀, ọlá bàbá rẹ̀ ló ń dà sódò. Nígbà tó ju ẹkùn tó gbẹ̀yìn, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀ kó mọ ohun tó kù. Ohun tó kù kò ju òṣùká lọ: àgbàlá ilé wọn nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, odó kan, ọkùnrin kan tó ti oko ọdẹ dé tó gbé àpò kọ́ èjìká, àti ọmọbìnrin kékeré kan tó sá pamọ́ sẹ́yìn odó.

Eré tí Àwẹ̀ró àti bàbá rẹ̀ máa ń ṣe nìyẹn nígbà tó wà ní kékeré. Bàbá á dúró ní àgbàlá, á kọ ẹ̀yìn sí odó, á ní, "Ọmọ mi dà o?" Àwẹ̀ró á máa yọ́ bọ̀ láti fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Bí bàbá bá yíjú tó rí i, ó di kó padà sẹ́yìn odó. Bó bá fọwọ́ kan àpò láìjẹ́ pé wọ́n rí i, òun ló jẹ, bàbá á sì fò sókè, á ní ta ló mú òun lápò. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí òun kì í jẹ. Ó máa ń fọ́nnu fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bàbá òun lè gbọ́ ẹsẹ̀ èkúté nínú ewé, síbẹ̀ kò lè gbọ́ tòun.

Etí odò náà ló ti tẹ́ ẹní. Ó gbé odó lé e, ó gbé ọkùnrin lé e, ó gbé ọmọbìnrin lé e. Iṣẹ́ náà kò tètè bọ́ sí i. Nígbà àkọ́kọ́, ọkùnrin náà ń rìn sẹ́yìn. Nígbà kejì, odó ló ń lé ọmọ kiri àgbàlá. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó tú u, ó tún un ṣe, amọ̀kòkò ṣáà ni, ìkòkò tó sán kì í yà á lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, á rántí ohun kan tó wò ní Tún-un-ṣe, á ṣe é lójú ẹsẹ̀. Eré náà dìde.

Ìgbà náà ni àwọn Atọ́wò jáde látinú omi. Iwin arúgbó ni wọ́n, ìka wọn gùn, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa tọ́ eré onílé àti àlejò wò. Àgbà wọn bu omi odò sínú igbá, ó ní, "Bu èyí sẹ́nu, amọ̀kòkò. Má gbé e mì, má tu ú dànù títí a ó fi ṣe é tán. Ẹni tó ṣe eré kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe eré rẹ̀. Ṣé wàá máa tẹ̀lé e kiri ilé onílé láti ṣàlàyé ni?"

Àwẹ̀ró bu omi sẹ́nu. Àgbà náà jókòó, ó fi ìka darí ọmọbìnrin. Ọmọ yọ́ kúrò lẹ́yìn odó. Fìrì, ọkùnrin yíjú, ó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Fìrì, ó rí i. Omi ń ru lẹ́nu Àwẹ̀ró, ó fẹ́ sọ fún un pé kó rọra. Àwọn ìyókù náà ṣe é, kò sí ẹni tó dé ìdajì ọ̀nà. Níkẹyìn àgbà Atọ́wò ti ẹní náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "N kò ṣe mọ́. Ìkà ni ọkùnrin yìí."

Omi fọ́n jáde lẹ́nu Àwẹ̀ró. Ó ní, "Bàbá mi kì í ṣe ìkà!"

Inú kò bí iwin náà. Ó nu omi kúrò lójú, ó ní, "Ó dára. Ọdẹ tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ èkúté nínú ewé. Ìwọ ọmọ kékeré, tí o kò tíì mọ ẹsẹ̀ gbé, báwo lo ṣe ń jẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo?"

Àwẹ̀ró ní òun máa ń yọ́ rìn dáadáa. Iwin ń wò ó. Ó ní òun máa ń tètè sá padà kó tó yíjú. Iwin ní, "Báwo lo ṣe ń mọ̀ pé ó fẹ́ yíjú?"

Àwẹ̀ró fẹ́ dáhùn. Ó di ojú. Ó padà sí àgbàlá náà nínú ọkàn rẹ̀, òórùn ẹ̀tù wà lára aṣọ ọdẹ, òùngbẹ ń gbẹ bàbá rẹ̀, ebi ń pa á, ó ti rìn láti àfẹ̀mọ́jú, síbẹ̀ ó dúró, ó ń bi ògiri pé ọmọ òun dà. Kó tó yíjú... 

Ó máa ń wúkọ́.

Kí Ọdẹ́rìndé tó yíjú, á kọ́kọ́ wúkọ́. Kì í ṣe ikọ́ àìsàn. Ọkùnrin tó lè lúgọ de ẹtu láti òwúrọ̀ dalẹ́ láìmí gúlẹ́ máa ń wúkọ́ ní àgbàlá ara rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ lè gbọ́, kó ráyè sá pamọ́. Láti kékeré títí dọjọ́ yẹn, Àwẹ̀ró rò pé òun gbọ́n ju bàbá òun lọ ni. Ó bú sẹ́kún létí odò. Ẹkún tí kò ráyè sun lọ́jọ́ tí wọ́n sìnkú rẹ̀, ó sun ún níbẹ̀, àwọn iwin arúgbó náà sì jókòó yí i ká, wọn kò sọ fún un pé kó dákẹ́.

Nígbà tó nu ojú, ó ṣí gbogbo kèrègbè Agbóhùn wò. Ikọ́ ọba wà níbẹ̀, ikọ́ ọmọ tuntun wà níbẹ̀. Kò sí ti Ọdẹ́rìndé. Ohun tí ẹní kò mọ̀ ni tìrẹ. Ó tẹ̀ sórí ẹní náà, ó fi ọ̀fun ara rẹ̀ wúkọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń wú u: họ̀n-ọ̀n. Ẹní náà gbọ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Àgbà Atọ́wò tún jókòó ti eré. Nígbà tó gbọ́ ikọ́, ó sá pamọ́, ó rẹ́rìn-ín kèè bí ọmọ ọwọ́. Ó ní, "Òkú rẹ ti dìde. Gbé e relé."

Àwẹ̀ró gba orí pákó kọjá, pákó kò tiẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn kọjá.

Nígbà tó dé Òkè-Apó, ojúmọ́ ìsípà ti mọ́, òjò sì ti ṣú. Gbogbo wa pé. Àwẹ̀ró tẹ́ ẹní sí àárín agbo. Olúọdẹ na ọrùn, ó ní, "Erin dà? Igbó dà? Ọmọ, odó la rí yìí o." Ìkùnsínú ń lọ. Ojú ń tì mí fún un. Àwẹ̀ró gbé ohùn sókè, ó ní, "Eré Ọdẹ́rìndé rèé!" Ó tẹ etí ẹní. Kò sí nǹkan tó mira. Ó tún un tẹ̀. Òkú ẹní. Àwọn ère ti ń yí orí padà sí ọ̀nà igbó.

Ó rántí. Ìkánjú kí orúkọ bàbá rẹ̀ nìkan dún ló mú un gbàgbé. Ó dojúbolẹ̀, ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́ní ló hun ẹní yìí. Fínníyì ló gbẹ́ àwọn ère yìí. Agbóhùn ló kó ìró ẹsẹ̀ inú rẹ̀ jọ. Àwọn Atọ́wò ló bá mi tún un ṣe." Àgbà ọdẹ kan ní irú kí lèyí, tí wọ́n ń pe àjèjì níbi ìsípà ọmọ onílé. Èmi Ògúnrántí ni mo dá a lóhùn! Mo ní, "Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ṣé Ọdẹ́rìndé nìkan ló ń dá ọdẹ lọ ni? Èmi kọ́ ló máa ń di ìdí erin mú ni?" Oòrùn kékeré yọ lórí ẹní.

Àwọn ọmọ sún mọ́ ọn. Ẹni àkọ́kọ́ yọ́, yọ́, yọ́. Lójijì, láti inú ẹní, họ̀n-ọ̀n! Ẹ̀yin ènìyàn mi! Àwa tí a bá a dẹ igbó láti ìgbà èwe mọ ikọ́ yẹn. Olúọdẹ gan-an bojú wẹ̀yìn. Ọmọ sá pamọ́, ọkùnrin yíjú, kò rí i, ọmọ tún yọ́, ó fọwọ́ kan àpò. Ère ọkùnrin náà fò sókè: "Yéè! Ta ló mú mi lápò o?" Ẹ̀rín sọ. Kí n tó mọ̀, àwọn ọmọ ti ń ti ara wọn, "Ó kàn mí! Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe!" Wọ́n ń yọ́, wọ́n ń pariwo pé, "Ọdẹ́rìndé ò rí mi! Ọdẹ́rìndé ò rí mi!" Olúọdẹ na ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ní, "A ò ní í fo orúkọ yìí láéláé." Ìbọn dún.

Nígbà tí agbo tú díẹ̀, mo rí i pé ẹnìkan ṣoṣo ni kò tíì ṣe eré náà. Mo ní, "Àwẹ̀ró, ìwọ ńkọ́?"

Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo ṣe é. Mo mọ gbogbo ibi tó máa yíjú sí."

Mo ní, "Jókòó kí o ṣe é."

Ó jókòó. Ó fi ìka darí ọmọ náà jáde lẹ́yìn odó. Ó yọ́. Họ̀n-ọ̀n. Ó sá pamọ́. Ó tún yọ́. Họ̀n-ọ̀n. Ó sún mọ́ ọn, ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan àpò.

"Yéè! Ta ló mú mi lápò o?"

Àwẹ̀ró, ìyá ọlọ́mọ, amọ̀kòkò tí ń jágbe mọ́ àwọn oníbàárà, dáhùn lójú gbogbo wa. Ó ní, "Èmi ni, Bàbá." Ibẹ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí kò fi sí bàbá kan ní Òkè-Apó lónìí tí kì í wúkọ́ kó tó yíjú ní àgbàlá rẹ̀. Ẹ̀yin àlejò máa ń rò pé òtútù ló mú gbogbo wa. Ó yá, òjò ti ń dá, ẹmu ti tán nínú akèrègbè, ọ̀rọ̀ sì ti tán lẹ́nu ọdẹ. Mo fẹ́ dìde báyìí, mo sì fẹ́ bojú wẹ̀yìn o.

Họ̀n-ọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ bọ̀ síbi àpò mi láti àárọ̀, ẹ tètè sá pamọ́.